Dókítà Tuntun, Dókítà Kíndìnrín

Nígbà tí Dagrún padà wá ṣiṣẹ́ dókítà ní Kaldavík, àwọn ará ìlú ò mọ̀ bóyá kí àwọn yọ̀ ni àbí kí àwọn ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láti kékeré. Òun ni ọmọ tó ki ẹja gbígbẹ bọ inú dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ Àjíǹde, tí òórùn fi lé bíṣọ́ọ̀bù jáde kí ìwàásù tó dé ìdajì. Òun náà ló fi orúkọ àgbò bàbá rẹ̀ kún orúkọ àwọn tó ń du ipò ní ìgbìmọ̀ ìlú, àgbò ọ̀hún sì ní ìbò ju ọ̀gá ilé-ìwé lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá gbé abẹ́rẹ́ dání yìí.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ jókòó síbẹ̀ títí. Dókítà tó bá fẹ́ mọ ẹ̀yà ara kan délẹ̀délẹ̀ ní Iceland, òkè òkun ló ń lọ, Sweden lọ́pọ̀ ìgbà, á sì lò tó ọdún méje kó tó padà, bó bá padà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mú tiwọn. Ẹnì kan mú ọkàn, ẹnì kan mú ojú, èyí tó gbọ́n jù nínú wọn mú awọ ara, ó ní òun ò tíì rí làpálàpá tó jí dókítà lóru. Dagrún nìkan ni kò mọ èyí tó máa mú. Ó ní kí òun wá fi ọdún kan rò ó nílé, níbi tí ìyá òun á ti máa fún òun lẹ́ja jẹ.

Oddrún ni nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Kaldavík, obìnrin gíga bí òpó iná, tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Dagrún, tó sì máa ń fi àwàdà gún ènìyàn kó tó fi abẹ́rẹ́ gún un. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Dagrún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Oddrún gba rédíò tí wọ́n fi ń bá àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ ìròyìn afẹ́fẹ́, ó ní kí gbogbo apẹja gbọ́ o, dókítà tuntun ti dé. Nýr læknir lohun tó sọ. Atẹ́gùn ń jà lọ́jọ́ náà, rédíò sì ń hó bí omi ìṣasùn.

Lójú omi, Ketill nìkan ló wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fa àwọ̀n grásleppa, ẹja kan tó burẹ́wà débi pé ẹyin inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rà. Ohun tí òun gbọ́ yàtọ̀. Ní èdè wọn, nýr ni tuntun, nýra ni kíndìnrín. Ẹ so dókítà mọ́ ti àkọ́kọ́, ó di nýr læknir. Ẹ so ó mọ́ ìkejì, ó di nýrnalæknir. Sílébù kan péré, na, ló là wọ́n láàárín, atẹ́gùn ọjọ́ yẹn sì fi na yẹn ta Ketill lọ́rẹ.

Kò fa àwọ̀n yẹn tán tó fi yí ọkọ̀ padà. Tòun ti bàtà rọ́bà, tòun ti ìpẹ́ ẹja lára ẹ̀wù, ló wọlé tọ Dagrún. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, Dagrún ò sì tíì pé ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má retí "ẹ" àti "sà" láàárín wọn o. Níbẹ̀, "o" ni gbogbo ayé, títí kan ààrẹ.

"Ìwọ ni wọ́n ní ó dé?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ni dókítà kíndìnrín?"

Dagrún rò pé Oddrún ló rán an wá fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Òun náà kì í sì í gba àwàdà kó má dá a padà. "Èmi ni. Èwo lo gbé wá nínú méjèèjì, tọ̀tún àbí tòsì?"

Ketill ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ́ bàtà kan, ó sì gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ náà wú. Nígbà tí Dagrún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ jin, kò sì padà bọ̀ sípò.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ," ni ọkùnrin náà wí.

Ó wá ròyìn ara rẹ̀. Ó ní dókítà kan tó kọjá ní Kaldavík lọ́dún kan ló sọ fún òun pé kíndìnrín òun ti ń ká jọ, pé lọ́jọ́ kan, Reykjavík ni òun máa kó lọ kí wọ́n lè máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ òun. Òun dúpẹ́, òun lọ sílé, òun ò sì yọjú sí ilé ìwòsàn mọ́ láti ọjọ́ náà. Òun sọ fún ara òun pé bí wọ́n bá fẹ́ fọ ẹ̀jẹ̀ òun, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá. Ìgbà tó wá gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti rán dókítà ẹ̀rọ náà ṣíwájú, ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ò ní pẹ́ dé.

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu Dagrún kò mọ ibi tó máa gbà. Ó ṣàlàyé fún un pé tuntun ni Oddrún wí. Ketill wò ó, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀ wá, ó rín in títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Ó yẹ kí n mọ̀," ló wí. "Kaldavík tí wọn ò rán katakata tó ń kó yìnyín sí, kíndìnrín ni wọ́n máa wá rán sí i?" Ó wọ bàtà rẹ̀ padà. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú. "Ṣùgbọ́n sílébù kan ló kù ọ́ kù, Dagrún. Lọ kọ́ ọ."

Sílébù kékeré yẹn, na, òun ló wá na ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni na bàrà.

Èsì ẹ̀jẹ̀ tí Dagrún fi ránṣẹ́ padà dé, kò dáa. Kíndìnrín ọkùnrin yìí ti dà bí àtùpà tó ku ìwọ̀nba epo ìsàlẹ̀. Wọ́n ti la ikùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí ìfun, àpá kún inú rẹ̀, kò sí àyè tí wọ́n máa rọ omi sí láti fi fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹlòmíì. Ti kí wọ́n fi kíndìnrín ẹlòmíì sí i, ọkàn rẹ̀ ò lè gbé iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló kù. Ẹ̀rọ sì wà ní Reykjavík, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á máa lọ bá a lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ títí dọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ òfúrufú kékeré tó ń wá sí Kaldavík kì í fò tí atẹ́gùn bá jà, ojoojúmọ́ ni atẹ́gùn sì ń jà. Ẹni tó bá gbà fún ẹ̀rọ ti kó kúrò nílé nìyẹn.

Ketill ní òun ò lọ. Ó ní òun mọ ẹni méjì tó lọ bẹ́ẹ̀, inú pósí ni wọ́n gbà padà wálé.

Wọ́n wá jọ dá májẹ̀mú, ẹ̀fẹ̀ ni, kì í sì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ketill á máa lo oògùn, á fi ẹja oníyọ̀ sílẹ̀, á dín kọfí kù. Dagrún á lọ wádìí iṣẹ́ kíndìnrín. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ìlú ti mọ̀. Bí Dagrún bá wọ ilé ìtajà, wọ́n á ní, "Kíndìnrín, ṣé o ti dé?" Òun náà ń pe Ketill ní Grásleppa, ó ní ojú wọn jọra, pé ẹyin nìkan ni Ketill ò ní.

Àṣé kíndìnrín máa ń wọ ènìyàn lọ́kàn. Dagrún bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa rẹ̀ kó lè mọ bí yóò ṣe mú Ketill dúró, ìwé náà sì gbé e mì. Ọkàn a máa lù, ìfun a máa kùn, ẹ̀dọ̀fóró a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kíndìnrín nìkan ló ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru tí kì í fọhùn, bó bá sì ń kú lọ, kò ní ké. Ó ní òun ò tíì rí ẹ̀yà ara tó jọ àwọn ará Kaldavík báyìí rí. Ó kọ̀wé sí ilé ìwòsàn kan ní Lund, ní Sweden, ó béèrè ààyè ìkọ́ṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ kọ́ ojú ti ń dúró láti ọdún tó kọjá, kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Àwọn Lund kò jẹ́ kí Dagrún dúró. Wọ́n ní kó máa bọ̀, wọ́n tiẹ̀ béèrè bóyá ó ní ọ̀rẹ́ tó lè mú dání.

Ó yẹ kí ilẹ̀kùn tó tètè ṣí bẹ́ẹ̀ kọ ènìyàn lóminú. Inú Dagrún dùn ni tirẹ̀. Kó tó fún wọn lésì, ó lọ bá wọn ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní Reykjavík, kó lè fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà.

Vésteinn ni ọ̀gá níbẹ̀, ọkùnrin arúgbó kan tó máa ń jẹ skyr, wàrà kíki ilẹ̀ wọn, lójú ìdúró láàárín àwọn ẹ̀rọ, tó ń fi ṣíbí júwe bó bá ń sọ̀rọ̀. Ó mọ orúkọ ajá gbogbo ẹni tó ń wá fọ ẹ̀jẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Dagrún bi í pé bí òun bá lọ kọ́ iṣẹ́ yìí wálé, ṣé ààyè á wà fún òun.

"Ààyè wà," ni Vésteinn dáhùn. "Orí rẹ̀ ni mo dúró lé yìí. Ọjọ́ tí mo bá kúrò, wọ́n á ká a nílẹ̀ bí ẹní."

Ó ní nígbà tí ẹnìkejì òun fẹ̀yìn tì, wọn ò wá ẹnikẹ́ni dípò rẹ̀. Wọ́n ń fi ọkọ̀ òfúrufú gbé dókítà wá láti Sweden, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lò, wọn ò ní tíì mọ orúkọ aláìsàn tí wọ́n á fi lọ. Òun fúnra òun ti rán àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn lọ kọ́ ọ, wọ́n kọ́ ọ dáadáa, wọ́n ra ilé síbẹ̀, àwọn ọmọ wọn ò gbọ́ èdè ilé mọ́. "Wọ́n máa ń fi káàdì Kérésìmesì ránṣẹ́ sí mi. Káàdì wọn rẹwà." Ó lá ṣíbí rẹ̀. Ó ní dókítà ọkàn á la iṣan, aláìsàn á fẹsẹ̀ rẹ̀ rìn lọ sílé. Dókítà ojú á ti ṣí ojú márùn-ún kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, á sì lọ ṣí ilé iṣẹ́ tara rẹ̀. "Tiwa, a kì í wò wọ́n sàn. A ń bá wọn jókòó ni."

"Mi ò fẹ́ ilé iṣẹ́," ni Dagrún wí. "Mo fẹ́ kọ́ ọ kí n lè wà ní Kaldavík."

Vésteinn wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ní òun fẹ́ sin ẹja àbùùbùtán nínú agbada ìwẹ̀. Kò fi í ṣẹ̀sín. Ó gbé ìkòkò skyr sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Kò sí dókítà kíndìnrín ní Kaldavík, Dagrún, kò sì ní sí. Ẹ̀rọ yìí fẹ́ omi tó mọ́ ju èyí tí wọ́n ń mu, ó fẹ́ nọ́ọ̀sì tirẹ̀, ó fẹ́ ẹ̀rọ mìíràn tí èyí bá dákú. Ta ló máa gbé gbogbo ìyẹn gba orí òkè lọ nítorí ẹnì kan? Bó o bá kọ́ ọ tán, ibi tí mo dúró sí yìí lo máa dúró. Ketill rẹ yẹn ṣì máa wọ ọkọ̀ òfúrufú wá síbí. Ìyàtọ̀ tó máa wà níbẹ̀ ni pé ìwọ ló máa gún un."

 Dagrún béèrè bóyá Vésteinn kábàámọ̀ pé òun kọ́ ọ.

"Rárá," ni bàbá náà wí. "Ohun tó ń ṣe mí gan-an nìyẹn."

Nígbà tí Dagrún dé ilé, ó pe Lund lórí fóònù, ó ní òun ò wá mọ́. Ó ní ẹ̀kọ́ dókítà ìdílé lòun máa ṣe, èyí tí wọ́n lè kọ́ láìkúrò nílé. Obìnrin tó gbé fóònù bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n ti kọ̀ fún rí lọ́pọ̀ ìgbà, ó wá kí i pé ó dàbọ̀. Ó ku bó ṣe máa sọ fún Ketill.

Ìgbà yẹn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kúkurú wọn ti kọjá, òkùnkùn ti ń jẹ ọjọ́ láti ìdí. Ketill ti rù. Ara ń yún un, ó ní kọfí ń dà bí ìṣó tó ti dípẹtà lẹ́nu òun, kò sì lè fa àwọ̀n mọ́. Dagrún fojú díwọ̀n rẹ̀, ó rí i pé Kérésìmesì ò ní bá a. Oddrún ní kó lọ sọ òótọ́ fún un, pé Ketill gba kí wọ́n fi òun ṣẹ̀fẹ̀, kò gba kí wọ́n tan òun.

Dagrún bá a nínú ahéré tó ń kó ọkọ̀ sí, tó fẹ̀yìn ti àwọ̀n, tí kò ṣe nǹkan kan.

"Wọ́n gbà ọ́ àbí wọn ò gbà ọ́?" ni Ketill béèrè kí Dagrún tó jókòó.

"Wọ́n gbà mí."

Òótọ́ nìyẹn. Ì bá dúró níbẹ̀.

"Ìgbà wo lo ń lọ?"

Dagrún wo ojú rẹ̀. Ojú náà ti wọnú, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó rò ó pé irọ́ tí ènìyàn bá pa fún ẹni tó ń lọ, sàréè ni yóò bá a wọ̀. "Lẹ́yìn Kérésìmesì," ló wí.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Wọn ò sọ ohun tí ènìyàn máa ṣe bí irọ́ bá jókòó sílé tó ń dúró de èèyàn.

 Ketill ní, "Á jẹ́ pé mo ní láti dúró dè ọ́ nìyẹn."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ta ọkọ̀ rẹ̀ fún ọkùnrin kan láti ìlú kejì. Ó ní kí Oddrún bá òun gba àyè nínú ọkọ̀ òfúrufú, òun ń lọ bá ẹ̀rọ. Dagrún sáré lọ bá a, ó ní ṣebí ó búra pé òun ò ní lọ.

"Ìgbà tí mo búra, kò sí ohun tí mò ń dúró dè," ni Ketill dáhùn, ó ń di ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sínú àpò. "Ọdún méje kì í ṣe nǹkan. Tó o bá dé, ìwọ ni wàá máa gún mi, ìwọ lo máa bá mi wá ọ̀nà tí wọ́n á fi gbé ọ̀kan wá síbí. O lórí kunkun tó o."

Dagrún lanu. Bó bá sọ ọ́, ọkùnrin yìí á tú àpò rẹ̀ palẹ̀, á sì kú sórí ibùsùn rẹ̀ kí oṣù tó yí. Bó bá dákẹ́, á yè, nítorí ohun tí kò sí. Ó pa ẹnu dé. Ó bá a gbé àpò.

Nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú ti gbéra, Oddrún dúró tì í. Ó ní òun ti rí ẹni tó fi oògùn wo ènìyàn, òun ti rí ẹni tó fi ọ̀bẹ wò ó, irọ́ ni òun ò tíì rí.

"Má rẹ́rìn-ín," ni Dagrún wí.

"Mi ò rẹ́rìn-ín," ni Oddrún wí.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Kaldavík ṣe di aláàbò irọ́ kan. Bí Ketill bá pe ẹnikẹ́ni nílé, wọ́n á ní Kíndìnrín wà ní Lund, ó ń ṣe dáadáa. Bó bá pe Dagrún fúnra rẹ̀, á sá wọ inú ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí, á ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé fèrèsé, àwọn ẹyẹ òkun ké, Ketill ní ṣé ó ti wálé ni. Ó ní rárá, ẹyẹ wà ní Lund náà. Ketill ní òun ò mọ̀. Yàrá kan ló ń gbé báyìí ní òkè ìlú Reykjavík, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí. Ó ní àwọn ọkọ̀ náà ń dán, pé ó dà bí omi bó bá fẹ́ẹ́ pa ojú dé. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun kì í ráhùn.

Nígbà tí ìrúwé dé, Dagrún lọ wò ó. Ó bá a lórí àga lẹ́bàá ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ nínú rọ́bà. Ó ti rù débi pé ẹ̀wù òtútù rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ bí àgọ́. Ketill pe àwọn tó wà nítòsí, ó ní kí wọ́n wá wo dókítà òun, ìsinmi ló gbà láti Lund.

"Sọ Swedish fún wọn," ló wí.

Èdè Denmark tí wọ́n fi túláàsì kọ́ wọn nílé-ìwé ni gbogbo ohun tó wà lórí Dagrún, èyí tó kù nínú rẹ̀ kò sì ju gbólóhùn kan lọ. Ó kọ ohùn rẹ̀ sókè sódò bí àwọn ará Sweden ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ní ìyá àgbà òun ní ológbò kan, ológbò náà sì sanra. Vésteinn ń kọjá lọ pẹ̀lú skyr rẹ̀, ó dúró gbagidi.

"Vésteinn, ìwọ tó gbé ibẹ̀ pẹ́," ni Ketill wí, "báwo ni Swedish rẹ̀?"

Vésteinn wo Dagrún. Ó wo Ketill, ó wo rọ́bà. Ó ní, "Ó ṣì ní láti kọ́ díẹ̀ sí i."

"Àyè wà fún un," ni Ketill wí, ó sì rọ orí sẹ́yìn, inú rẹ̀ dùn.

Ó bi Dagrún pé ìgbà wo ni ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀. Ó ní ọ̀sán yìí ni. Òótọ́ ni, ti Kaldavík ni, pápá rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, kó rìn dé ibẹ̀ ni. Àwọn aláìsàn sì ń dúró dè é nílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n Ketill ti na ọwọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ sí fèrèsé. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí pápákọ̀ òfúrufú òkè òkun ti ń gbéra, ní Keflavík, ní òdì kejì pátápátá. Ó ní òun máa ń wò ó lójoojúmọ́, òun mọ àsìkò rẹ̀, kó tètè lọ wọ̀ ọ́. Ó ní òun á máa juwọ́ sí i láti ibi tí òun wà.

Dagrún sọ̀kalẹ̀. Ó dúró lójú títì, ó gbójú sókè, ó rí ọwọ́ náà lẹ́yìn gíláàsì. Ó wo ọ̀nà tó lọ sí pápá kékeré. Ó wọ bọ́ọ̀sì.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó juwọ́ títí wọ́n fi yà ní kọ́nà. Wọ́n ti jáde ní ìlú, ilẹ̀ dúdú olókùúta ló kù lọ́tùn-ún lósì, nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú kékeré kan kọjá lókè, ó yí sí apá Kaldavík, àga kan ṣófo nínú rẹ̀.

Dagrún dìde, ó di irin mú, ó lọ bá awakọ̀ níwájú. Ó ní kó jọ̀ọ́, níbo ló ti máa ń yí padà.

"Kì í yí padà," ni awakọ̀ wí, "àfi tó bá dé ibi tó ń lọ."